Oògùn Olómi fún Ọmọdé: Ohun Tí Àwọn Ará Àkúrẹ́ Máa Ń Béèrè Lọ́wọ́ Mi

Apòògùn ni mí. Mo ti ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń po oògùn olómi kí n tó wá ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Àkúrẹ́ níbí. Àwọn ìyá ọlọ́mọ, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì FUTA, nọ́ọ̀sì, àti àwọn tó fẹ́ dá iléeṣẹ́ oògùn sílẹ̀ ló ń bi mí láwọn ìbéèrè yìí, mo wá kó wọn jọ. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn bẹ́ ẹ ti ń kà á lọ ni pé oògùn gan-an kéré nínú ìgò síróòpù. Ohun tó gbé oògùn náà wọnú ọmọ ló pọ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà, ibẹ̀ náà ni ewu wà.

Kí ló wà nínú ìgò síróòpù kan?

Ẹ jẹ́ ká mú síróòpù paracetamol tó wọ́pọ̀. Wọ́n kọ ọ́ sára ìgò pé 120 mg wà nínú 5 ml. Bí ìgò náà bá gba 100 ml, gbogbo paracetamol inú rẹ̀ kò ju 2.4 g lọ. Ìyókù ni omi, ṣúgà tàbí nǹkan mìíràn tó ń mú un dùn, gílísírínì tàbí propylene glycol tó ń jẹ́ kí oògùn yòrò, ohun ìpamọ́ tí kì í jẹ́ kó bu, ohun tí kì í jẹ́ kó kan jù, adùn ọsàn tàbí ti strawberry, àti àwọ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò níṣẹ́, kò sì sí ọ̀kan tí kò lè ṣe ọmọ léṣe bó bá pọ̀ jù. Àpẹẹrẹ kan ni benzyl alcohol. Lọ́dún 1982, wọ́n rí i ní Amẹ́ríkà pé ohun ìpamọ́ yìí, tí kì í ṣe àgbàlagbà ní nǹkan kan, ń pa àwọn ọmọ tí wọ́n bí láìpé oṣù.

Mà, kí ló dé tí mi ò lè lọ tábúlẹ́ẹ̀tì àgbà, kí n pò ó mọ́ omi ṣúgà?

Bẹ́ ẹ bá fi ọ̀bẹ dá tábúlẹ́ẹ̀tì 500 mg sí mẹ́rin, ẹ ò lè mọ èyí tó pọ̀ jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìyẹn lè má jẹ́ nǹkan kan fún àgbà. Ọmọ tí kò ju kílò márùn-ún lọ, tí ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín rẹ̀ ò tíì gbó, tirẹ̀ yàtọ̀. Àwọn tábúlẹ́ẹ̀tì kan tún wà tí wọ́n ṣe kí wọ́n lè máa tú díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ẹni tó bá lọ irú èyí ti da oògùn odidi ọjọ́ kan sọ́mọ nínú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí kò bá sí tọmọdé, ẹ mú tábúlẹ́ẹ̀tì yẹn wá bá apòògùn kẹ́ ẹ tó gbé ọmọ ọlọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA ni mí. Ṣé òótọ́ ni pé gílísírínì àti propylene glycol ló ń pa àwọn ọmọ?

Ayédèrú wọn ló ń pa ọmọ. Jẹ́ kí n tú u palẹ̀ fún ẹ.

Paracetamol kì í fẹ́ yòrò nínú omi. 1 ml omi tí kò gbóná ò lè gbà ju bíi 14 mg lọ, bẹ́ẹ̀ 24 mg ló yẹ kó wà nínú 1 ml síróòpù tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó ń bá omi gbé ìyókù ni propylene glycol, gílísírínì àti irú wọn. Wọ́n mọ́ gaara, wọ́n ki díẹ̀, wọ́n dùn lẹ́nu, inú dúrọ́ọ̀mù ni wọ́n sì máa ń wà. Diethylene glycol náà mọ́ gaara, ó ki, ó dùn, owó rẹ̀ sì kéré. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe òróró bíréèkì ọkọ̀ ló ni ín, kì í ṣe ilé oògùn. Ojú ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, imú ò lè gbọ́ ìyàtọ̀ wọn. Tó bá wọnú ọmọ, ara á sọ ọ́ di ásíìdì kan tó ń ba kíndìnrín jẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Lọ́dún 1937, iléeṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà fi í po oògùn kan tí wọ́n ń pè ní sulfanilamide, wọ́n fi adùn raspberry sí i kó lè dùn mọ́ àwọn ọmọ. Ó pa ju ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ, òfin oògùn wọn ti ọdún 1938 sì tibẹ̀ jáde. Lọ́dún 1990, ọmọ 47 kú ní Jos lẹ́yìn tí wọ́n mu síróòpù paracetamol tó ní in nínú. Láti ìparí 2008 wọ ìbẹ̀rẹ̀ 2009, oògùn eyín tí wọ́n ń pè ní My Pikin pa ọmọ 84, ní Nàìjíríà yìí kan náà. Àwọn tó pò ó ti ra dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n pè ní propylene glycol lọ́wọ́ oníṣòwò kẹ́míkà tí kò ní ìwé àṣẹ. Lọ́dún 2022, ó tún dé Gáḿbíà, síróòpù ikọ́ àti ti ọ̀fìnkìn tó wá láti Íńdíà ló gbé e débẹ̀, ọmọ tó lé ní ọgọ́ta sì bá a lọ.

Kò sí àdììtú nínú bí a ṣe lè dá a dúró. Gbogbo dúrọ́ọ̀mù tó bá wọlé ni kí wọ́n mú díẹ̀ nínú rẹ̀ yẹ̀ wò, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe kí wọ́n ṣí ọ̀kan nínú mẹ́wàá. Ẹ̀rọ gas chromatography máa ń fi ìyàtọ̀ wọn hàn kedere, òdiwọ̀n tí ayé sì fẹnu kò lé lórí ni pé diethylene glycol tàbí ethylene glycol tó jọ ọ́ kò gbọdọ̀ kọjá 0.10%. Inú máa ń bí mi bí ẹnì kan bá sọ pé, "A ní sáàtífíkéètì rẹ̀ lọ́wọ́." Sáàtífíkéètì ta ni? Dúrọ́ọ̀mù yẹn lè ti gba ọwọ́ oníṣòwò mẹ́rin kó tó délé yín, kí ẹni kejì sì ti bó lébẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ dànù.

Bí mo bá gbé síróòpù náà kaná, ṣé májèlé yẹn ò ní fò lọ?

Rárá o. Ooru tó tó 245°C ló tó lè mú un hó. Omi inú ìgò á ti gbẹ tán tipẹ́. Kò sí ohunkóhun tẹ́ ẹ lè ṣe nílé tó máa yọ ọ́.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bí irú ẹ̀ bá ti kan ọmọ mi?

Ìtọ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò. Ọmọ tó ti ń mu síróòpù, tó bẹ̀rẹ̀ sí í bì, tí inú ń run, tó ń sùn ṣáá, tí pámpáàsì tẹ́ ẹ wọ̀ fún un láàárọ̀ sì wà ní gbígbẹ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ẹ má dúró de ọjọ́ kejì. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tó bá sún mọ́ yín. Àwọn ará Àkúrẹ́ mọ ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ tó wà l'Ókè-Arò. Ẹ mú ìgò oògùn náà dání, kódà bó ṣe ìsàlẹ̀ rẹ̀ nìkan ló kù. Ohun tó kù níbẹ̀ ni wọ́n máa fi ṣe àyẹ̀wò, òun náà ló sì lè gba ọmọ ẹlòmíràn là.

Ṣé a lè fi píọ̀ wọ́tà po oògùn? Ó kúkú ní nọ́ńbà NAFDAC.

Nọ́ńbà yẹn ń sọ pé ẹ lè mu ún. Oògùn ń fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Omi ilẹ̀ wa níbí, láàárín àpáta ló ti ń jáde, ó sì lè gbé irin àti iyọ̀ orísìírísìí dání. Díẹ̀ nínú irin yìí ti tó láti yí àwọ̀ oògùn padà tàbí kó jẹ́ kó tètè bàjẹ́. Iléeṣẹ́ oògùn á sẹ́ omi, á yọ iyọ̀ inú rẹ̀, á sì máa ka kòkòrò àìfojúrí inú rẹ̀ nígbà gbogbo. Kò gbọdọ̀ ju 100 lọ nínú 1 ml. Ibi tí iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ jù ni táńkì àti páìpù. Omi tí wọ́n sẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀, tó dúró sínú táńkì di ọjọ́ Ajé, kì í ṣe omi ọjọ́ Jímọ̀ mọ́. Kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní Burkholderia cepacia, tó lè máa gbé nínú páìpù bẹ́ẹ̀, kó sì máa yọ́ jẹ oògùn ìpamọ́ tí wọ́n fi sínú síróòpù láti pa á.

Kí ló dé tí wọ́n máa ń kọ ọ́ pé "ẹ mì ín dáadáa"? Ọmọ ọ̀dọ̀ mi kì í mì ín.

Ẹ wo ògì tẹ́ ẹ sẹ́ sílẹ̀ lálẹ́. Ní àárọ̀, omidùn ti lékè, ògì ti sùn sísàlẹ̀. Báyìí ni oògùn tí kì í yòrò ṣe rí nínú ìgò. Bí wọn ò bá mì ín, omidùn lọmọ máa mu lọ́jọ́ kìíní àti ọjọ́ kejì, tí ibà ò ní gbọ́, á wá mu ògì pọnbélé lọ́jọ́ tí ìgò bá fẹ́ tán.

Ẹni tó ń ṣe oògùn ò lè ní kó má sùn sísàlẹ̀ rárá. Ohun tó ń wá ni pé bó bá sùn, kó má le. A máa ń lọ oògùn náà kúnná gan-an, a óò fi nǹkan tó ń mú omi ki sí i, bíi xanthan gum, a óò sì jẹ́ kí wóró oògùn fẹ́ẹ́rẹ́ so mọ́ra wọn, kí wọ́n má bàa dì pọ̀ bí amọ̀ nísàlẹ̀. Nígbà tí mo wà níbi tí a ti ń pò ó, a máa ń gbé ìgò sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, a óò wá dojú rẹ̀ délẹ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan, a óò máa kà á: ìgbà mélòó ló gbà kí ìdí ìgò tó mọ́? Bó bá di pé ẹ fi ìgò náà lu àtẹ́lẹwọ́ kó tó tú, ìyá tó ń gbé ọmọ tó ń sunkún lọ́wọ́ kan ò ní lè ṣe é. Oògùn yẹn ò tíì tó tà.

Ẹ mì ín kẹ́ ẹ tó dà á, ní gbogbo ìgbà. Ẹ sọ fún ọmọ ọ̀dọ̀ náà.

Báwo lẹ ṣe ń mú oògùn kíkorò di ohun tí ọmọ lè gbé mì?

Ṣúgà nìkan kì í ṣe é. Ẹni tó bá rò bẹ́ẹ̀, kó lọ da ṣúgà sí metronidazole, kó tọ́ ọ wò. Ahọ́n kì í mọ ìkorò nǹkan tí kò bá yòrò. Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí metronidazole nìyẹn: wọ́n so ó mọ́ benzoate, ó di ohun tí kì í fẹ́ yòrò nínú omi, ahọ́n ò wá rí i mọ́. Tó bá dé inú, ara á gé benzoate kúrò, metronidazole á sì jáde. Ìdí nìyí tí ẹ ó fi rí i lára ìgò míì pé 320 mg metronidazole benzoate dúró fún 200 mg metronidazole.

Ọ̀nà mìíràn ni kí wọ́n fi nǹkan bo wóró oògùn lára. Adùn ni àsẹ̀yìnwá, kí ìkorò tó kù lè fara sin. Mo mọ̀ pé àwọn kan fẹ́ kí oògùn dùn bí ohun mímu. Èmi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kọ́mọ lè gbé e mì, kò yẹ kó lọ gun àga torí kó lè jí i mu.

Ìwọ̀n tọ́mọ máa mu lẹ́ẹ̀kan náà ṣe pàtàkì. Àwọn tó ń bójú tó oògùn ní Yúróòpù dá a lábàá pé kó má ju 5 ml lọ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, kó má sì ju 10 ml lọ fún àwọn tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tẹ́ ẹ bá rọ síbí mẹ́rin fún á tu méjì nínú rẹ̀ sáṣọ yín.

Ṣúgà inú ẹ̀ ńkọ́? Ọmọ mi ní sickle cell, ojoojúmọ́ ló ń mu oògùn.

Ìbéèrè gidi nìyí. Síróòpù ṣúgà àtijọ́ máa ń ní bíi 66.7 g ṣúgà nínú 100 g rẹ̀. Ó ki débi pé kòkòrò ò lè rí omi lò nínú rẹ̀, ìyẹn ni kì í jẹ́ kó bu. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́, lálẹ́ kí ọmọ tó sùn, eyín á fara gbá a. Ẹ béèrè bóyá èyí tí kò ní ṣúgà wà. Bí kò bá sí, ẹ fún un lómi mu lẹ́yìn rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fọ eyín rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi sorbitol dípò ṣúgà lè mú kínú ọmọ ṣí bó bá pọ̀.

Kí ló dé tí amoxicillin fi máa ń jẹ́ ìyẹ̀fun?

Omi máa ń já a. Láti ìṣẹ́jú tómi bá ti kàn án ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, nítorí náà wọ́n fi í sílẹ̀ ní gbígbẹ títí dọwọ́ yín. Ẹ gbọn ìgò kí ìyẹ̀fun lè tú, ẹ da omi tẹ́ ẹ ti sè tó sì ti tutù sí i dé ìdajì, ẹ mì ín, ẹ wá dà á dé ojú àmì. Ẹ jẹ́ kí ìfófòó rọlẹ̀ kẹ́ ẹ tó sọ pé ó ti débẹ̀. Ọjọ́ méje ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pò ó, ẹ ka ti ara ìgò yín. Ẹ fi báírò kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ pò ó sí i lára.

Ṣé oògùn ìpamọ́ inú síróòpù ò léwu?

Oògùn tó ti bu léwu jù ú lọ. Kí wọ́n tó gbà pé ó tó, a máa mọ̀ọ́mọ̀ da kòkòrò sínú síróòpù náà, E. coli, Candida àti àwọn mìíràn, a óò sì máa wò ó fún ọjọ́ 28 bóyá wọ́n ń kú. Akẹ́kọ̀ọ́ ẹ fetí sílẹ̀: sodium benzoate, ọ̀kan nínú àwọn oògùn ìpamọ́ yìí, kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ bí pH, ìyẹn òdiwọ̀n bí nǹkan ṣe kan tó, bá kọjá 5. Mo ti rí ìwé ìpo oògùn tí wọ́n fi í sí i ní pH 6.5. Kí ló ń ṣe níbẹ̀?

Ooru Àkúrẹ́ yìí, ṣé kò ní ba oògùn jẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù?

Fún ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, wọ́n máa ń tọ́jú oògùn sí 30°C fún gbogbo àkókò tí wọ́n fẹ́ kọ sára ìgò, wọ́n tún máa ń fi òmíràn sí 40°C fún oṣù mẹ́fà. Bó bá fara dà á, ó lè gbé ṣọ́ọ̀bù wa. Kò tíì sẹ́ni tó dán an wò nínú bùùtù ọkọ̀ tó dúró sóòrùn lójú ọ̀nà Ọyẹ́mẹ́kùn. Ẹ má gbé e síbẹ̀. Ẹ má sì gbé gbogbo síróòpù sí firíìjì láìbéèrè, torí òtútù lè mú kí àwọn kan dì sí wóró.

Drops àti síróòpù, ṣé kì í ṣe ohun kan náà ni?

Oògùn kan náà ni, agbára wọn ò dọ́gba. Drops paracetamol kan wà tó ní 100 mg nínú 1 ml. Ọmọ kílò mẹ́wàá tó ń mu 5 ml síróòpù ń gba 120 mg, ìyẹn sì dáa, nítorí 10 sí 15 mg fún kílò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń lò, kó má sì ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láàárín wákàtí 24. Bẹ́ ẹ bá fún ọmọ yẹn ní 5 ml drops, 500 mg lẹ fún un. Ẹ ti fún un ní ìlọ́po mẹ́rin àti díẹ̀ ohun tó yẹ kó gbà. Ohun tí wọ́n bá fi sínú páálí rẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n. Ṣíbí ìdáná ò dọ́gba láti ilé dé ilé.

Ìyá ọkọ mi ní kí n máa rọ ọ́ fún un bí wọ́n ṣe ń rọ àgbo.

Ẹ bá mi kí màmá. Kẹ́ ẹ fọwọ́ bo ẹnu ọmọ, kẹ́ ẹ dí imú rẹ̀, kó gbé e mì tipátipá, ibẹ̀ ni oògùn ti ń gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ gbé e jókòó díẹ̀, ẹ ti ẹnu sìríǹjì tí kò ní abẹ́rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, kó gbé ti àkọ́kọ́ mì kí òmíràn tó wọlé. Ẹ má pò ó mọ́ odidi abọ́ ògì: bí kò bá mu ún tán, ẹ ò ní mọ ìwọ̀n tó wọlé.

Mo gbọ́ pé àwọn àjọ àgbáyé ò fẹ́ síróòpù mọ́.

Wọn ò kọ̀ ọ́. Láti bí ọdún 2008 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ti ń sọ pé bó bá ṣeé ṣe, tábúlẹ́ẹ̀tì tó ń tú nínú omi díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà dára jù, ó fúyẹ́, kì í fọ́, kò fẹ́ ohun ìpamọ́. Ti ibà tí wọ́n ń pè ní Coartem Dispersible jáde lọ́dún 2009. Zinc tí a ń fún ọmọ tó ń ṣu gbuuru náà wà bẹ́ẹ̀: 20 mg lójúmọ́ fún ọjọ́ 10 sí 14, ìdajì rẹ̀ fún ẹni tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, pẹ̀lú omi ORS. Èmi fara mọ́ wọn. Àwọn ìyá ni kò tíì gbà, wọ́n ní oògùn ọmọ gbọ́dọ̀ wà nínú ìgò.

Ìdànrè ni mo ti ń pe yín, ẹ̀gbọ́n. Mo ní oyin gidi. Mo fẹ́ fi ṣe síróòpù ikọ́ ọmọdé fún títà.

Oyin ṣe ikọ́ lóore lóòótọ́, fún ọmọ tó ti pé ọdún kan. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò, nítorí èso kòkòrò tó ń fa àìsàn botulism tó lè wà nínú rẹ̀, kíkọ rẹ̀ sára ìgò sì jẹ́ dandan. Lẹ́yìn ìyẹn, oyin òjò àti oyin ọ̀ẹrùn ò ki bákan náà, nítorí náà ẹ ní láti máa wọn omi inú ọ̀kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tó lò ó. Bẹ́ ẹ bá fi ewé sí i, ewé wo, apá wo, ìwọ̀n wo? NAFDAC máa wá wo ibi tẹ́ ẹ ti ń ṣe é, wọ́n sì máa ń fún oògùn ìbílẹ̀ ní ìwé ọdún méjì tó sọ pé àwọn ò tíì yẹ ohun tẹ́ ẹ ní ó ń wò wò. Kò rọrùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí kò ṣeé ṣe. Ẹ wá apòògùn kan mọ́ra kẹ́ ẹ tó ra ìgò.

Síróòpù ikọ́ tó ní codeine ńkọ́?

Ìjọba fòfin de ṣíṣe rẹ̀ àti kíkó o wọlé ní oṣù karùn-ún ọdún 2018. Kò yẹ ọmọdé rí. Bí ẹnikẹ́ni bá fà á yọ lábẹ́ káńtà fún yín, ẹ jáde níbẹ̀.

Èyí tó pupa ló ń ṣiṣẹ́ jù, àbí?

Àwọ̀ lásán ni.

Èyí tó kù lẹ́yìn tára ọmọ yá, ṣé kí n fi pamọ́ fún àbúrò rẹ̀?

Bó bá jẹ́ amoxicillin tẹ́ ẹ ti pò, rárá. Kẹ́gbọ́n rẹ̀ mu ún tán bí wọ́n ṣe ní kó mu ún, kẹ́ ẹ da ìyókù nù. Bó bá jẹ́ paracetamol, ẹ wo ọjọ́ ìparí rẹ̀, ẹ wo iye oṣù tí wọ́n ní kẹ́ ẹ fi lò ó lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti ṣí i, ẹ mì ín, ẹ wò ó bóyá ó ti yí àwọ̀ tàbí òórùn padà. Kìlò àbúrò ni kẹ́ ẹ fi ṣírò ti àbúrò. Bí ife ìwọ̀n rẹ̀ bá ti sọnù, ẹ ra sìríǹjì 5 ml kan ní ṣọ́ọ̀bù oògùn, kẹ́ ẹ yọ abẹ́rẹ́ rẹ̀ dànù kẹ́ ẹ tó délé.